Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Àpáàdì Kì í Ṣe Ohun Ìdànù

Àkàyé

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo àyíká ilé yín dáadáa. Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé, ẹ wo abẹ́ igi máńgòrò, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àkìtàn. Kí ni ẹ rí níbẹ̀? Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí àpáàdì, àfọ́kù àwo, ìdí ìgò, kọ́ọ̀bù tí ọwọ́ rẹ̀ ti kán, tàbí ìkòkò òdòdó tí ẹnu rẹ̀ ti fọ́. Nígbà kan rí, ọ̀ṣọ́ ilé ni àwọn nǹkan wọ̀nyí. Nísinsìnyí, ìdọ̀tí ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti di ìdọ̀tí? Ẹ jẹ́ kí a wádìí rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ní Èjìgbò àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, bí i Ìláwó àti Màṣífà, àwọn ènìyàn fẹ́ràn ọ̀ṣọ́ ilé. Bí ẹ bá wọ yàrá àlejò ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹ ó rí kọ́bọ́ọ̀dù tí a to àwo tánganran, kọ́ọ̀bù olódòdó, jígí àti ère kéékèèké sí. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ni ó ń ṣòwò ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, pàápàá ní ìlú Àbíjàn. Bí wọ́n bá ń bọ̀ wálé, wọn a máa mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bọ̀ fún àwọn òbí wọn. Ìyá àgbà kì í fi irú àwo bẹ́ẹ̀ jẹun. Ó máa ń tò ó sí ibi tí àlejò yóò ti rí i ni. Ìdí nìyí tí inú ilé fi máa ń bàjẹ́ ní ọjọ́ tí irú àwo bẹ́ẹ̀ bá fọ́.

Bí nǹkan bá fọ́ nínú ilé, ohun mẹ́ta ni àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣe. Àwọn kan á gbá a lọ sí àkìtàn. Àwọn kan á jù ú sínú koríko tí ó wà lẹ́yìn ilé. Àwọn ọmọ mìíràn a sì máa fi í pamọ́, kí ìyá wọn má bàa mọ̀ pé àwọn ni àwọn fọ́ ọ. Kò sí ọ̀kan tí ó dára tán nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ewu tí ó wà nínú ohun fífọ́

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọ kan fọ́ ìgò òdòdó ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó sì ju àfọ́kù rẹ̀ sínú koríko. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Ní ọjọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ sáré gba ibẹ̀ kọjá láìwọ bàtà. Ta ni ìgò náà yóò gé? Àbúrò rẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni. Ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè di egbò ńlá. Àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì lè gba ibẹ̀ wọ ara, àrùn yìí sì lè pa ènìyàn. Nítorí náà, bí ẹ bá fọ́ nǹkan, ẹ má ṣe fi í pamọ́. Ẹ tọ màmá yín lọ. Kí obìnrin kúnlẹ̀, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì sọ òtítọ́. Ìbáwí ọjọ́ kan sàn ju ẹsẹ̀ tí ó ń kẹ̀ lọ.

Ewu kejì ni omi. Bí òjò bá rọ̀, omi yóò dúró sínú ìdí ìkòkò tí a jù sílẹ̀. Ẹ̀fọn tí ó ń gbé ibà apọ́njú kiri fẹ́ràn irú ibẹ̀ láti yé ẹyin sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin náà lè di ẹ̀fọn tí ó ń fò. Ẹyin ẹ̀fọn yìí sì lágbára: ó lè wà ní gbígbẹ lára ìkòkò fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú. Bí omi bá tún kàn án, yóò pa. Nítorí náà, dída omi nù nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ fi kànìnkànìn fọ inú ìkòkò náà dáadáa.

Ẹ ti rí i báyìí pé kì í ṣe fífọ́ tí nǹkan fọ́ ni ó sọ ọ́ di ewu. Ibi tí a jù ú sí ni ó sọ ọ́ di ewu. Bí a bá gbé e sí ibi tí ó yẹ ẹ́, ó lè wúlò, ó sì lè lẹ́wà.

Ohun tí àwọn baba ńlá wa ṣe ní Ilé-Ifẹ̀

Àwọn àgbà wa kì í ju àpáàdì nù kíákíá. Àpáàdì ni wọ́n fi ń bu ẹyin iná láti ilé kan lọ sí ilé kejì kí ìṣáná tó dé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé àpáàdì ni ó tó ko iná lójú. Àpáàdì ni wọ́n fi ń bu omi fún adìyẹ. Ní àwọn ibì kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn amọ̀kòkò a máa gún àpáàdì, wọn a sì pò ó mọ́ amọ̀ tuntun kí ìkòkò tí wọ́n fẹ́ mọ má bàa là nínú iná.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ tí àwọn baba ńlá wa fi àpáàdì ṣe wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ìtàn sọ fún wa pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni ẹni tí ó tẹ Èjìgbò dó ti wá, nítorí náà ogún tiwa náà ni iṣẹ́ yìí. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí ọdún 1400, àwọn ará Ifẹ̀ fi àpáàdì tẹ́ ọ̀nà, wọ́n fi tẹ́ àgbàlá ilé, wọ́n sì fi tẹ́ ojúbọ. Wọn kò kàn da àpáàdì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń ri àpáàdì mọ́lẹ̀ ní òró, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, títí wọn yóò fi fún pọ̀ gírígírí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n tò wọ́n kí ó rí bí eegun ẹja. Ní ibòmíràn, wọ́n to òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín wọn kí ó lè di iṣẹ́ ọnà.

Kí ni ìdí tí wọ́n fi to àpáàdì ní òró dípò kí wọ́n tẹ́ ẹ ní ìbúlẹ̀? Ẹ rò ó wò. Bí ẹ bá tẹ àpáàdì tí a dùbúlẹ̀, yóò kán. Ṣùgbọ́n bí a bá tò ó ní òró, etí rẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ yóò máa tẹ̀, àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì dì í mú. Àgbàrá òjò kò lè tètè wọ́ ọ lọ. Ẹrẹ̀ kò sì ní lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ó ń rìn lórí rẹ̀.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé ọba obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Lúwo. Wọ́n ní òun ni ó pàṣẹ pé kí a fi àpáàdì tẹ́ ọ̀nà, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Àwọn awalẹ̀pìtàn, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń wa ilẹ̀ láti mọ ìtàn àtijọ́, sọ pé iṣẹ́ náà pọ̀ ju ti ìgbà ayé ọba kan lọ.

Ní ọdún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ kan ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó ní Ilé-Ifẹ̀. Bí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ṣàdédé rí ère idẹ. Ọ̀gbẹ́ni Frank Willett wá wa ilẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì rí ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́. Ní ọdún 1969, Ọ̀gbẹ́ni Ekpo Eyo, ọmọ Nàìjíríà, wa ilẹ̀ ní Láfogído. Òun náà rí ilẹ̀ alápàáàdì níbẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn tún ti rí irú iṣẹ́ yìí ní Dáímà ní ìpínlẹ̀ Bọ̀rnó, àti ní orílẹ̀-èdè Tógò àti Bẹ̀nẹ̀.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ! Ìkòkò tí ìyàwó ilé kan fi se ọbẹ̀ ní ayé àtijọ́ ti fọ́. Orúkọ ìyàwó ilé náà ti parẹ́. Ilé rẹ̀ ti wó. Ṣùgbọ́n àpáàdì ìkòkò rẹ̀ ṣì wà níbi tí a tò ó sí, lẹ́yìn ohun tí ó lé ní 600 ọdún. Ìkòkò náà kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó fọ́. Ìgbà tí ó fọ́ tán ni ó tó pẹ́ láyé.

Ọgbà kan ní ilẹ̀ Íńdíà

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú ọgbọ́n yìí wà. Ní ìlú Chandigarh ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Nek Chand. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa bójú tó ojú ọ̀nà. Wọ́n ń kọ́ ìlú náà ní tuntun nígbà náà, àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n wó sì sọ ọ̀pọ̀ nǹkan di àfọ́kù. Ní nǹkan bí ọdún 1957, Nek Chand bẹ̀rẹ̀ sí kó àfọ́kù àwo, kọ́ọ̀bù àti ẹ̀gbà ọwọ́ jọ lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ère ènìyàn, ẹyẹ àti ẹranko. Inú igbó ìjọba ni ó ti ń ṣe é ní ìkọ̀kọ̀, nítorí pé kò gba àṣẹ.

Ó lé ní 15 ọdún kí àwọn aláṣẹ tó mọ̀. Wọn ì bá wó gbogbo rẹ̀ lulẹ̀ nítorí pé ó lòdì sí òfin. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú rí i, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọdún 1976, ìjọba ṣí ọgbà náà fún gbogbo ènìyàn. Nek Chand kú ní ọdún 2015, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì ń lọ wo ọgbà rẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ni ìtàn yìí kọ́ wa: ohun tí ẹnì kan jù nù lè di ohun àwòṣífìlà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sì yẹ kí a máa gba àṣẹ kí a tó ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwa.

Bí a ó ṣe fi ohun fífọ́ ṣe ọgbà lọ́ṣọ̀ọ́

Ẹ lè ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilé yín tàbí ní ọgbà ilé-ìwé. Ẹ tẹ̀lé ìlànà yìí:

1. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí tàbí olùkọ́. Ẹ má ṣe mú ìkòkò tàbí àpáàdì láti ojúbọ òrìṣà tàbí láti ibojì. Ohun tí ó dà bí èyí tí ó fọ́ lójú yín lè jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ lójú onílé.

2. Ẹ wọ bàtà. Kí àgbàlagbà fi àpò sìmẹ́ńtì tàbí aṣọ tí ó nípọn wé ọwọ́ kí ó tó ṣa àfọ́kù. Ẹ fọ àwọn àfọ́kù náà pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ sì sá wọn gbẹ.

3. Ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀. Àpáàdì ìkòkò amọ̀ lọ́tọ̀, tánganran lọ́tọ̀, ìgò àti jígí lọ́tọ̀. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Etí àpáàdì amọ̀ máa ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú. A lè fi òkúta pa á kí ó tètè kú. Ṣùgbọ́n etí tánganran àti etí ìgò kì í tètè kú. Nítorí náà, àpáàdì amọ̀ nìkan ni kí ẹ fi tẹ́ ọ̀nà. Ẹ kó àfọ́kù ìgò àti jígí fún àgbàlagbà kí ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ jinlẹ̀.

4. Fún ọ̀nà kékeré láàárín òdòdó, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ẹ tẹ́ yanrìn sí i, kí ẹ sì to àpáàdì ní òró bí àwọn ará Ifẹ̀ ti ṣe. Ẹ fún wọn pọ̀. Ẹ jẹ́ kí etí wọn dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ́n yanrìn sí ojú rẹ̀, kí ẹ sì gbá a wọ àárín wọn.

5. Tánganran olódòdó ni ẹ ó fi ṣe ìkòkò òdòdó lọ́ṣọ̀ọ́. Kí àgbàlagbà po sìmẹ́ńtì, ìwọ̀n kan sìmẹ́ńtì sí ìwọ̀n mẹ́ta yanrìn, nítorí pé sìmẹ́ńtì tútù lè bó awọ ọwọ́. Kí ó rẹ́ ẹ mọ́ ara ìkòkò, kí ó sì tẹ àfọ́kù náà mọ́ ọn. Ojú tí ó ní òdòdó ni kí ó wà níta. Etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú sìmẹ́ńtì pátápátá. Ẹ fi àpò tí a rẹ sínú omi bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó lè le dáadáa.

6. Ìkòkò tàbí àmù tí ìdí rẹ̀ ti lu dára fún òdòdó gbígbìn, nítorí pé omi kò ní dúró sínú rẹ̀. Ẹ fi àpáàdì kan dé ihò ìdí rẹ̀ díẹ̀. Omi yóò rí àyè jáde, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ kò ní bá a lọ. Bí ìdí rẹ̀ kò bá lu, ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà lu ú.

7. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ dúdú sí i, kí ẹ gbin ohun tí ẹ fẹ́. Rinrin àti ọ̀dúndún máa ń ṣe dáadáa nínú ìkòkò. Rinrin fẹ́ ibi tí ó tutù tí ó sì ní òjìji. Ẹ lè gbin pèrègún sí etí ọ̀nà, nítorí pé ẹ̀ka rẹ̀ tí a bá gé máa ń hù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò má bàa fọ̀ ọ́ lọ. Bí òjò bá dé, kí ẹ gbin òdòdó.

8. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ yẹ ọgbà náà wò. Bí ẹ bá rí ibi tí omi dúró sí, ẹ dà á nù, kí ẹ sì fọ ibẹ̀. Bí àfọ́kù kan bá yọ síta, ẹ pe àgbàlagbà.

Ìkòkò tí ó fọ́ kò lè pọn omi mọ́. Kò sí bí a ṣe lè rán an bí a ti ń rán igbá tí ó sán. Ṣùgbọ́n ó lè di òdòdó mú, ó lè dá àgbàrá dúró, ó sì lè mú kí ojú ilé fani mọ́ra. Ọwọ́ ẹni tí ó ṣà á ni ó wà, bóyá yóò di ewu tàbí yóò di ẹwà.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun àti ìtumọ̀ wọn

Àpáàdì: apá kan lára ìkòkò amọ̀ tí ó fọ́.
Àfọ́kù: ohun tí ó ṣẹ́kù lára àwo, ìgò tàbí ìkòkò tí ó fọ́.
Tánganran: irú àwo tí ó ń dán, tí ó sì tètè ń fọ́.
Àgbàrá: omi òjò tí ó ń ṣàn lórí ilẹ̀.
Òró: ìdúró ṣánṣán, òdì kejì ìbúlẹ̀.
Awalẹ̀pìtàn: ẹni tí ó ń wa ilẹ̀ láti mọ ìtàn àtijọ́.
Ohun àwòṣífìlà: ohun tí ó lẹ́wà tí gbogbo ènìyàn fẹ́ wò.

Ìlò èdè

Ní èdè Yorùbá, a kì í lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ohun tí ó bàjẹ́. Ẹ ka àwọn gbólóhùn wọ̀nyí sókè:

Ìkòkò fọ́. Igi ṣẹ́. Okùn já. Aṣọ ya. Igbá sán. Ilé wó.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ tí ó yẹ dí àlàfo wọ̀nyí:

(a) Àwo tánganran ìyá àgbà ti ____.
(b) Okùn tí a fi so ewúrẹ́ ti ____.
(d) Ṣòkòtò Àyìndé ti ____ ní orúnkún.
(e) Ẹ̀ka igi máńgòrò ____ nígbà tí ìjì jà.

Ìbéèrè

1. Kí ni ohun mẹ́ta tí àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣe bí nǹkan bá fọ́ nínú ilé?
2. Kí ni ó yẹ kí ọmọ ṣe bí ó bá fọ́ ohun ọ̀ṣọ́ ilé?
3. Kí ni ìdí tí dída omi nù nìkan kò fi tó láti pa ẹyin ẹ̀fọn?
4. Kí ni ìdí tí àwọn ará Ifẹ̀ fi to àpáàdì ní òró?
5. Ta ni ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé ó pàṣẹ pé kí a fi àpáàdì tẹ́ ọ̀nà?
6. Ní ọdún wo ni ìjọba ṣí ọgbà Nek Chand fún gbogbo ènìyàn?
7. Kí ni ìdí tí kò fi yẹ kí a fi tánganran tẹ́ ọ̀nà?

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ bi bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà yín léèrè iṣẹ́ mẹ́rin tí wọ́n ń fi àpáàdì ṣe nígbà èwe wọn. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ya àwòrán ọ̀nà tí a fi àpáàdì tẹ́ bí eegun ẹja, kí ẹ sì mú un wá fún olùkọ́ yín.